Onítìmùtìmù Fẹ́ Wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ọ̀kẹ́ mẹ́rin owó ni mo kà sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò ní géètì, tí kò ní ògiri, tí n kò sì fojú kan olùkọ́ rẹ̀ kankan rí. Èmi tí n kì í sanwó pákó láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ lù ú kí n gbọ́ bó ṣe ń dún! Àmọ́ kì í ṣe fún ara mi ni mo san án. Ìyàwó àbúrò mi ni mo yá. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Onítìmùtìmù, nítorí pé tìmùtìmù àga ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ fún mi pé òun ò gba ọ̀fẹ́. Èmi náà fèsì pé n kì í fi ọ̀fẹ́ lọ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣàdéhùn, láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí ibi tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ ò gba kí ẹnì kan sá fún ẹnì kejì.

Abẹ́ òrùlé páànù kan náà la wà, lẹ́yìn ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Èmi ni káfíńtà. Mo máa ń gé ẹsẹ̀ àga, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, màá kàn wọ́n pọ̀ títí yóò fi dúró láìmì. Ṣùgbọ́n àga tí káfíńtà kàn tán, egungun lásán ni. Onítìmùtìmù ló ń fi ẹran sí i lára: fóòmù, sípíríǹgì, aṣọ, àti ìṣó wẹ́wẹ́ tó máa ń dà sẹ́nu, tí yóò máa fi ahọ́n tì í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, àbúrò mi, ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí àbúrò mi kú, àwọn kan nínú ẹbí ní kó lọ wá ọjà tà, pé òòlù kì í ṣe ohun ọwọ́ obìnrin. Kò bá wọn jiyàn. Nígbà tí àlejò tú ká tán, ó wọ abẹ́ òrùlé, ó gbé òòlù ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan aṣọ mọ́ àga kan tó ti wà níbẹ̀ kí ikú tó dé.

Mo ní, "Ìyàwó, ṣé kò yá jù báyìí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oníbàárà ti sanwó."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé a lè jọ ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń fà á sẹ́yìn: ìwé ìròyìn. Àwọn àga àtijọ́, koríko gbígbẹ àti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń dí ikùn wọn kí fóòmù tó di ohun tó wọ́pọ̀. Bí ó bá ti tú irú àga bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Yóò tẹ́ bébà náà sórí itan, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ nà án bí ẹni tó ń lọ aṣọ, yóò sì máa kà á pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

"Ìyàwó, kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, afárá ti wó."

"Afárá wo? Ibo?"

"Èyí tó wó kí wọ́n tó bí mi ni. Ó gbé ọkọ̀ ojú irin sínú omi. Wọ́n ní ìyókù ìròyìn náà wà lójú ewé kẹjọ, ojú ewé kẹjọ ò sì sí nínú àga yìí."

Ó wá a nínú àga kejì tó bá a wá. Kò rí i. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí, kò sì tíì yéé sọ pé ta ló mọ̀ bóyá àwọn èrò inú ọkọ̀ náà yè. Ìtàn ló wù ú láti kọ́, ìtàn àwọn tó ti wà ṣáájú wa. Ó kàwé dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì yege, ṣùgbọ́n owó ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílé wọn nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì gbà á. Kò di ìyẹn sínú. Ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì bí àwọn mìíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lókèèrè.

Lọ́dún kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan gbé iṣẹ́ fún wa, pé kí a wá tún àga gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe. Iṣẹ́ olówó gidi ni. A ṣe é nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé, nítorí náà gbọ̀ngàn náà ṣófo, ó sì pa lọ́lọ́. Èmi ń de ẹsẹ̀ àga lẹ́yìn. Nígbà tí mo gbójú sókè, Onítìmùtìmù ti jókòó sí ìlà kẹta, ó kọjú sí pátákó ìkọ̀wé, ó ká ọwọ́ lé ara wọn bí ọmọ iléèwé.

Mo ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ ń ṣú lọ."

"Mò ń dán sípíríǹgì wò ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹyọ kan yẹn lo ti ń dán wò láti àárọ̀."

"Èyí le díẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Àga náà ò le rárá. Èmi ni mo kàn án.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní ìlú mìíràn, ló gbé ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Orí fóònù la ti gbọ́ ọ, fóònù náà wà lórí bẹ́ńṣì mi, ohùn rẹ̀ ròkè.

"Mọ́mì, ẹ ò ní kúrò nílé. Inú kọ̀ǹpútà ni ẹ óò ti máa gbọ́ olùkọ́. Ẹ lè máa ṣiṣẹ́ yín lọ."

"Ṣé kò ní sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́?"

"Kò sí."

"Kò sí àga?"

"Mọ́mì, ṣé àga ló ṣọ̀wọ́n fún yín ni?"

Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn, àmọ́ mo rí i pé ojú ìyá rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Ohun tó ń wù ú láti ọjọ́ yìí ni pé kí ó wọ ẹnu ọ̀nà kan, kí àwọn ènìyàn sún fún un lórí bẹ́ńṣì. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta mọ̀ pé èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ la ń mú. Ó ní kí ọmọ náà ṣàlàyé.

Ètò náà kò le. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó gbà ọ́ wọlé, wàá kọ́kọ́ ṣe kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, níbi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ bí a ṣe ń kàwé láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Wọn yóò gbéṣẹ́ fún ọ, wọn yóò sì fún ọ ní máàkì. Ẹni tó bá gba àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọlé. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Owó ìmúrasílẹ̀ náà ni ọ̀kẹ́ mẹ́rin tí mo yá a. Owó tó tù jọ fúnra rẹ̀ ti lọ sórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti yọ.

Ọmọ náà ní kí ìyá òun wá ibi kan pàtó tí yóò máa jókòó sí, kó má kàwé lórí ibùsùn. Kó yan wákàtí kan tí kò ní yẹ̀. Kó sì sọ fún gbogbo ará ilé. Mo ṣe ìṣirò ohun tí ìyẹn máa ná wa. Tábìlì, mo fi pákó tó ṣẹ́kù kàn án, n kò ka ìyẹn sí owó. Iná, a ra àtùpà alábátìrì, nítorí iná ìjọba kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni kó tó lọ. Dátà, ìyẹn ló gbówó lórí, ó ń jẹ owó bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. Àmọ́ wákàtí ló ná èmi gan-an. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí márùn-ún ló mú, lójoojúmọ́. Wákàtí tí ayùn mi máa ń dún jù lọ nìyẹn.

Mo ní, "Èmi wá ńkọ́? Ṣé kí n máa fi eyín gé pákó?"

"Ẹ lè máa fi bébà ìha ha igi, Ẹ̀gbọ́n. Kì í pariwo."

Ìyàwó mi, tó ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, bàbá yìí tí kò lè dákẹ́ nínú ilé ìjọsìn, ìwọ lo fẹ́ mú un dákẹ́ fún wákàtí kan?"

"Ìyálé mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ ni."

Mo gbà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di aago mẹ́rin, màá gbé ayùn sílẹ̀, màá mú bébà ìha.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló panilẹ́rìn-ín. Sátidé ni olùkọ́ máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ gíláàsì, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú àpótí kéékèèké yí i ká, bí ẹyin nínú páálí. Onítìmùtìmù wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó kí olùkọ́, ó kí gbogbo wọn, ó bi wọ́n léèrè ilé àti ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó yíjú sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé." Àṣé kò tíì tẹ ohun tí wọ́n fi ń ṣí ohùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí i nínú wọn ni obìnrin nọ́ọ̀sì kan. Ó ti rí àga kan lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán, ó sì fẹ́ mọ iye tó jẹ́. Àga náà ò bá owó rẹ̀ mu, àmọ́ wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà ń pe Nọ́ọ̀sì ní Nọ́ọ̀sì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí mo bá ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn aago márùn-ún, mo ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn lábẹ́ òrùlé wa.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ ń fún wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pín sí méjì. Ìkíní, kí kálukú kọ èrò tirẹ̀ sójú ìwé kan tí gbogbo kíláàsì ń kà. Èkejì, kí ó ka iṣẹ́ ẹni méjì, kí ó sì sọ ibi tó kù sí. Ó ṣe ìkíní dáadáa. Ti èkejì ni kí ẹ gbọ́.

Lábẹ́ òrùlé wa, òfin kan wà tí bàbá mi fi lélẹ̀. A kì í sọ àléébù iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni lójú oníbàárà. Bí ẹsẹ̀ àga kan bá kúrú, tí oníbàárà sì dúró síbẹ̀, wàá yin àga náà. Tí oníbàárà bá ti lọ, wàá pe ẹni tó kàn án sí ẹ̀yìn ibi tí a to pákó sí, wàá sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè tún un ṣe. Bàbá mi lé ọmọṣẹ́ kan lọ nítorí pé ó ṣe òdì kejì rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kì í tilẹ̀ rò ó mọ́: ọ̀rọ̀ àléébù, ẹ̀yìn pákó ni.

Òfin yìí ni Onítìmùtìmù gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lójú ìwé tí gbogbo ayé ń kà, ohun tó máa ń kọ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ yín dára gan-an. Ọlọ́run á fún yín lókun sí i." Lẹ́yìn náà, yóò wá ìlà ìkọ̀kọ̀ ẹni náà, yóò sì kọ ojúlówó ọ̀rọ̀ síbẹ̀, tìṣọ́ratìṣọ́ra: pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín ṣe ìlérí ohun mẹ́ta, méjì péré ni mo rí, pé ẹ dárúkọ ìwé kan, ẹ ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni méjì tí wọ́n ní kó kọ̀wé sí nìkan. Ó kọ̀wé sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Ó ka díẹ̀ sí mi létí, mo sì sọ fún un pé bó ṣe yẹ kí èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta parí, kọ́lẹ́ẹ̀jì fi máàkì ránṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ dára. Níwájú ìdásọ́rọ̀, ìyẹn sísọ ibi tí iṣẹ́ ẹlòmíràn kù sí, òdo ló wà níbẹ̀, òdo mẹ́ta léra wọn bí òrùka. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀ pé: "A kì í gbọ́ ohùn yín, Mà."

Ọmọ rẹ̀ pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Mọ́mì, kí lẹ ń kọ síbẹ̀?"

"Mò ń kí wọn."

"Ẹ ń kí wọn?"

"Àbí kí n máa tú àṣírí ọmọ ọlọ́mọ láàárín àwùjọ? Mo ti bá kálukú sọ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀."

"Mọ́mì, wọn ò rí kọ̀rọ̀. Ohun tó bá wà lójú ìwé nìkan ni wọ́n ń kà."

Mo gbẹ́nu sí i láti ibi bẹ́ńṣì mi. "Ẹni tó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó yíjú sí mi kíá. "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ̀yìn pákó ni?"

"Abẹ́ òrùlé yìí ni mo sọ ọ́ fún. Ṣé mo sọ fún ọ pé mo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí páálí ìṣó, ó ń wo òdo mẹ́ta yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó sọ ọ́ jáde: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ wọlé o. Mi ò mọ̀ pé ó wù mí tó báyìí."

Ó kọ̀wé sí olùkọ́, ó ṣàlàyé ohun gbogbo. Ọmọkùnrin náà dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun ti ka àwọn lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ tó fi hàn òun, wọ́n dára, ṣùgbọ́n òun ò lè ka máàkì lé wọn, nítorí pé kí gbogbo kíláàsì lè jọ rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú wọn ni iṣẹ́ náà wà fún. Sátidé tó gbẹ̀yìn ṣì ku. Wọn yóò fi ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, máàkì sì wà fún un. Kó wá sọ̀rọ̀.

Ẹni tó kàn án láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì.

Ó ku ọjọ́ méjì, ó tẹ̀ ẹ́ láago. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?"

"Mi ò tíì ṣe é. Sátidé ni mo fẹ́ ṣe é. Mo fẹ́ sọ ibi tí iṣẹ́ yín kù sí, lójú gbogbo wọn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Èyí náà lẹ ń tọrọ àforíjì fún? Ẹ sọ ọ́ o! Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Àwọn dókítà ń bá mi wí lójú aláìsàn lójoojúmọ́, ó ti mọ́ mi lára."

"Kò yẹ kó mọ́ èèyàn lára."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wọlé ná. Bí a bá wọlé tán, a ó tún ayé ṣe."

Ní Sátidé náà, mo pa gbogbo iṣẹ́ tì. Mo gbé àpótí kan jókòó sí ibi tí mo ti lè gbọ́, tí àwọn ènìyàn inú kọ̀ǹpútà ò sì ní rí mi. Ìyàwó mi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ka iṣẹ́ rẹ̀: bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ṣe lè kàwé kó sì yege. Ó to gbogbo wákàtí ọjọ́ lẹ́sẹẹsẹ, iṣẹ́ rèé, ìwé rèé, ọmọ rèé, ìwé tún rèé. Olùkọ́ ní ta ló ní ọ̀rọ̀. Onítìmùtìmù tẹ bọ́tìnnì, ohùn rẹ̀ ṣí.

Ó kí olùkọ́. Ó kí kíláàsì. Ó ní Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fọwọ́ tì sẹ́yìn, pé ó ní àánú, ó ní làákàyè, inú ilé rere ló ti wá. Ó ń bọ̀ lórí àwọn òbí Nọ́ọ̀sì nígbà tí olùkọ́ rọra ní, "Mà, ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀."

Mo rí i tí ó di etí tábìlì mú.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ètò yín kún jù. Iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe. Bí mo bá ki fóòmù sínú tìmùtìmù kan títí kò fi sí ààyè mọ́, yóò dára lójú lọ́jọ́ tí mo bá gbé e jáde. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá jókòó lé e báyìí, ojú rán á ya. Ẹ ò fi wákàtí kankan sílẹ̀ tí èèyàn lè fi má ṣe nǹkan kan. Ọmọ yín á ṣàìsàn lọ́jọ́ kan. Iná á lọ lọ́jọ́ kan. Ibo ni ọjọ́ yẹn wà nínú ètò yìí?"

Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì wá ní, "Mi ò gbà o! Bí mo bá fi ààyè sílẹ̀, oorun ni màá fi sùn."

"Ẹ sùn. Ta ló ní kí ẹ má sùn?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín nínú gbogbo àpótí yẹn. Awakọ̀ kan dá sí i, ó ní ọ̀rọ̀ ìyá yẹn jóòótọ́. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ẹni tó bá fi ààyè sílẹ̀ kò ní padà síbi ìwé. Onítìmùtìmù dá a lóhùn, òun náà dá a padà. Ó ti gbàgbé tábìlì tó dì mú. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀, ó ń pe ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ní "ẹ̀yin tí ẹ wọ pupa" àti "ẹ̀yin tẹ́ẹ wà létí fèrèsé." Nígbà tí olùkọ́ ní àkókò ti tán, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó yíjú sí wa. Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó ti orí ijó dé.

Ó ní, "Ìyálé mi, ṣé ẹ rí wọn? Wọ́n ń bá mi jiyàn!"

Ìyàwó mi ní, "A rí wọn. O ti gba ìwé ọ̀hún tán."

Àmọ́ mo ti ṣírò rẹ̀ sórí pákó kan pẹ̀lú pẹ́ńsù. Máàkì ọjọ́ kan, bó ti wù kó dára tó, kò lè dí ihò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mẹ́tàdínláàádọ́ta ló gbà. Nọ́ọ̀sì gba mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì wọlé. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí Onítìmùtìmù. Ó ní òun ti bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá òun, wọn ò lè fi mẹ́ta kún un. Ohun tí wọ́n gbà ni pé orúkọ rẹ̀ yóò wà níwájú nínú ìwé àwọn tí yóò tún ìmúrasílẹ̀ ṣe, ìdajì owó ni yóò sì san, ọ̀kẹ́ méjì, kí oṣù tó parí.

Kò sunkún. Ó kó ìṣó sẹ́nu, ó kan ìjókòó àga mẹ́fà ilé ìtura kan parí kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Ìyàwó mi gbé tíì fún un, ó mu ún ní ìdúró. Ní aago mẹ́rin, ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé igi yín, kò sí nǹkan kan." Ẹ gbà mí gbọ́, ayùn náà wúwo lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí ilé ìtura san owó iṣẹ́ náà, ó wá bá mi níbi bẹ́ńṣì. Ó gbé ọ̀kẹ́ méjì lé orí pákó.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdajì gbèsè yín rèé. Ẹ bá mi ka á."

Mo kà á. Ó pé. Mo bi í pé, "Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ńkọ́?"

"Gbèsè la kọ́kọ́ ń san."

"Oṣù yìí ń parí lọ. Ṣé o ní ọ̀kẹ́ méjì mìíràn níbì kan?"

"Rárá."

"Ṣé ó ti sú ọ ni?"

Ó wojú mi bí ẹni pé mo bú u. "Kí ló máa sú mi? Bí mo bá ń gé aṣọ, ohùn wọn ni mò ń gbọ́. Awakọ̀ yẹn sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà, ìdáhùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn lánàá ni. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Àmọ́ mi ò lè fi owó yín jókòó sí ibì kankan mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti darúgbó, ẹ ń lo ojú yín kan àga."

"Ta ló darúgbó?"

"Ẹ má bínú."

Mo ti owó náà padà sí i. Kì í ṣe àánú. Ọkùnrin tó fi ọ̀kẹ́ mẹ́rin ra pákó, tí pákó náà kù díẹ̀ kó gùn tó, tó wá kọ̀ láti fi ọ̀kẹ́ méjì so ó pọ̀, ó ti pàdánù, ọ̀kẹ́ mẹ́rin rẹ̀ ti ṣègbé. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un gan-an nìyẹn. Mo ní, "Fi ránṣẹ́ sí wọn lónìí. Gbèsè tèmi kì í jẹrà. Lọ́jọ́ tí o bá wọlé, a ó jókòó, a ó sọ bí wàá ṣe máa san án."

"Bí mi ò bá sì wọlé ńkọ́?"

"A ó tún jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó owó náà, ó sì fi ránṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Nọ́ọ̀sì pè lọ́jọ́ tí kíláàsì tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Onítìmùtìmù ń na aṣọ sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo, nítorí náà mo bá a gbé fóònù sórí bẹ́ńṣì kí ohùn náà lè ròkè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti bẹ̀rẹ̀ o!"

"Ọlọ́run ṣeun. Ṣé wọ́n pe orúkọ yín?"

"Wọ́n pè é."

"Báwo ni wọ́n ṣe pè é?"

"Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà ni. Wọ́n pè é, mo ní mo wà níbí."

"Ẹ ní ẹ wà níbẹ̀." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. "Kí ni wọ́n wá kọ́ yín?"

"Wọn ò tíì wọnú rẹ̀. Ẹ gbọ́, mo ti ro nǹkan kan. Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá pè yín, màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì máa gbọ́ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ. Ta ló máa mọ̀?"

Onítìmùtìmù fi aṣọ náà sílẹ̀. Aṣọ tó ti nà tán sún padà. Èmi gan-an ti ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: dátà kò sí níbẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀, ọ̀fẹ́ pátápátá ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó gbà.

Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe é."

"Kí ló dé?"

"Bí wọ́n bá ń pe orúkọ, tí wọ́n pè é títí tó fi tán, tí mo sì wà níbẹ̀ tí mò ń gbọ́, kí ni n óò sọ?"

Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ díẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ díẹ̀, wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀.

Ọ̀kẹ́ méjì ti wà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin tèmi wà níbi tó wà. Ó padà sídìí àga náà, ó yọ àwọn ìṣó tó ti kàn, ó tún aṣọ náà nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó bi mí láìgbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù mélòó ló kù kí ìmúrasílẹ̀ tiwa tó bẹ̀rẹ̀?"

"Márùn-ún."

"Ẹ bá mi tún un kà."

Mo gbé ìka sókè, mo tún un kà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún náà ni.